Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Oorun, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Oúnjẹ Alẹ́ Yín



Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, àwa mélòó kan máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹni tó bá fẹ́, kí a sì dáhùn ìbéèrè lórí oògùn. Ìbéèrè méjì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń bi mí. Àkọ́kọ́ ni ti inú: àyà ń ta mí, inú mi ń wú, ó di ọjọ́ kẹta tí mo ti yàgbẹ́ kẹ́yìn. Èkejì ni ti oorun: mi ò róorun sùn, mo máa ń jí láàárín òru, ojú mi á sì là títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ti pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé àwọn kan náà ló sábà máa ń béèrè méjèèjì.

Ìyá kan tó ń ta iṣu wá bá mi lọ́sàn-án Jímọ̀ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wá oògùn oorun tó lágbára díẹ̀. Piriton tí mò ń lò ò mú mi mọ́."

Mo ní, "Ìyá, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń lò ó?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Méjì lálaalẹ́."

"Aago mélòó lẹ máa ń jẹun alẹ́?"

"Ó di ìgbà tí mo bá ti ọjà dé. Aago mẹ́sàn-án, ìgbà mìíràn mẹ́wàá. Àwọn ọmọ á ti gúnyán dè mí."

"Ẹ máa ń jẹ ẹ́ yó?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé iyán lèèyàn ò ní jẹ yó?"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá dùbúlẹ̀ ni o. Ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà tí mo bi í bóyá àyà máa ń ta á lóru, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, omi kíkan a sì máa gòkè wá sí ẹnu òun. Kò ka ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ oorun ni kò fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ikùn ni kò jẹ́ kí ìyá yìí sùn. Oògùn tó sì ń lò fún oorun tún ń dá kún wàhálà ikùn náà, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ IKÙN LÓRU

Bí oúnjẹ bá wọ àpò ikùn, omi kíkan kan tó lágbára ló ń pàdé níbẹ̀. Omi yìí wà lára ohun tó ń bá wa lọ oúnjẹ, òun náà ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó bá oúnjẹ wọlé. Awọ inú àpò ikùn lágbára láti gba omi náà mọ́ra, ṣùgbọ́n ti ọ̀nà ọ̀fun kò lè gbà á. Ọlọ́hun Ọba wá fi iṣan kan sí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé àpò ikùn, bí ilẹ̀kùn. Ó ń ṣí kí oúnjẹ lè wọlé, ó sì ń padé lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ikùn bá kún bámúbámú, yóò máa ti ilẹ̀kùn yìí láti inú. Nígbà tí a bá jókòó tàbí tí a dúró, omi kíkan náà á ṣì wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí a bá dùbúlẹ̀, kò sí ohun tó ń fà á sísàlẹ̀ mọ́, á wá rọra máa yọ́ gòkè. Èyí ló ń mú kí àyà ta, kí ẹnu kan, kí ẹlòmíràn máa wúkọ́ lóru láìsí òtútù. Èèyàn lè má mọ ohun tó jí òun. Yóò kàn rí i pé ojú òun là ni.

Oúnjẹ líle lè lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin kó tó kúrò nínú àpò ikùn. Èyí tí epo tàbí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ológìdì epo jẹ iyán yó ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, tó sì dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ikùn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní aago kan òru.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ iyán o. Ọmọ Èkìtì lèmi náà, uyán ni wọ́n fi tọ́ mi. Ìgbà tí a ń jẹ ẹ́ àti bí a ṣe ń jẹ ẹ́ tó ni mò ń sọ.

Ẹ JẸ́ KÍ ÀSÌKÒ ÌRUN BÁ YÍN TÒ Ó

Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìrọ̀rùn fún Mùsùlùmí ni pé a ti pín ọjọ́ fún wa tẹ́lẹ̀. Ní agbègbè wa yìí, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín aago 6:15 sí aago 7:00 ìrọ̀lẹ́ jálẹ̀ ọdún. Ìṣáì a sì wọlé ní nǹkan bíi wákàtí kan àti díẹ̀ lẹ́yìn Mọ̀gàríbì. Àárín ìrun méjèèjì yìí ni àsìkò tó dára jù fún oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó bá jẹun tán ní aago méje àbọ̀, tó rìn lọ kí Ìṣáì, tó sì dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá, wákàtí méjì àbọ̀ ti wà láàárín oúnjẹ àti ẹní rẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta yìí ni a máa ń gba àwọn tí àyà ń ta nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹni tí ọjà tàbí oko kò jẹ́ kó tètè délé ńkọ́? Kí ó yí oúnjẹ náà padà. Kí ó jẹ iyán tàbí àmàlà lọ́sàn-án lẹ́yìn ìrun Àìlà, nígbà tó ṣì ní wákàtí púpọ̀ tí yóò fi wà lórí ìdúró. Kí oúnjẹ alẹ́ wá fúyẹ́: ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò pọ̀, tàbí ògì àti mọ́ínmọ́ín kan.

Ní ti bí oúnjẹ ṣe yẹ kó pọ̀ tó, Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa nínú hadiisi tí Tirmidhi gbà wá pé ìwọ̀nba oúnjẹ díẹ̀ tó láti gbé ẹ̀yìn ọmọ Ádámà ró. Bí ó bá sì di dandan kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó pín ikùn rẹ̀ sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ìdá kẹta yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ikùn ṣí lójijì. Nínú ilé, ọ̀nà tó rọrùn láti ṣe é ni kí a bu òkèlè kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí a sì bu ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀. Kí a rọra jẹun. Ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ara tó mọ̀ pé ikùn ti yó, ẹni tó bá sì ń kánjú gbé òkèlè mì á ti kọjá ààlà kó tó mọ̀.

A máa ń rí èyí dáadáa nínú oṣù Ràmàdáànì. Ẹni tó bá fi gbogbo ebi ọjọ́ náà ṣínu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá lọ kí ìrun àṣámù, ara á ni ín ní gbogbo ìgbà tó bá forí kanlẹ̀. Ìtẹ̀ba àti ìforíkanlẹ̀ lórí ikùn tó kún máa ń ti omi kíkan gòkè. Kí a fi dàbínù àti omi ṣínu, kí a kírun Mọ̀gàríbì, kí a wá jẹ ìwọ̀nba. Ní ti sààrì, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní ìparí òru, tó sì dúró de Àsùbáà, tó kí i tán kó tó tún dùbúlẹ̀, ti ṣe ikùn rẹ̀ lóore.

Ẹni tí àyà ṣì ń ta lóru lẹ́yìn gbogbo èyí lè fi búlọ́ọ̀kù tàbí igi tó nípọn gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ọrùn nìkan ló ń tẹ̀. Sunnah ni kí a fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀. Àwọn oníṣègùn sì ti rí i pé omi kíkan máa ń gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tó ní ìṣòro yìí bó bá sun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì a sì máa tù ú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, kó ṣe àdúà rẹ̀, kó tó yí sí òsì. Kó bi ààfáà rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

ÌGBẸ́ GBÍGBẸ ÀTI ỌRỌ̀ JẸ̀DÍJẸ̀DÍ

Ikùn tí kò yàgbẹ́ dáadáa kì í jẹ́ kí èèyàn sùn dáadáa. Ohun mẹ́ta ni ìfun ń fẹ́. Èkíní ni oúnjẹ tó ní èèpo àti okùn tí ara kì í lọ̀ tán: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ilá, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, àti ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú awọ funfun inú rẹ̀ dípò kí a fa omi rẹ̀ nìkan. Èkejì ni omi, nítorí okùn inú oúnjẹ láìsí omi á tún mú ìgbẹ́ le ni. Ẹ̀kẹta ni ìrìn. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí ti ń rí èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí a má ṣe sáré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀ tó bá jẹ ìkòkò kan lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ á wú. Kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ̀wà bá ń fún yín ní ìsó, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù kí ẹ tó sè é. Ẹ dín kaun kù. Kaun jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé iyọ̀ wọ ara láìjẹ́ kí a mọ̀, kò sì dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí ìgbẹ́ bá sì ń gbọ̀n yín, ẹ má dì í mọ́ra. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni ìfun sábà máa ń jí. Bí a bá ń fi ọjà tàbí ọkọ̀ dí i lọ́wọ́ lójoojúmọ́, ìgbẹ́ á gbẹ sínú. Ẹ̀sìn wa pàápàá kò fẹ́ kí èèyàn máa kírun nígbà tí ó ń bá ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ jìjàkadì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ má fi omi lásán ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tó sábà máa ń fà á ni kí èèyàn máa rin ìgbẹ́ líle, èyí tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ojú ihò ìdí wú. Bísíkíìtì àti búrẹ́dì funfun kò ní okùn púpọ̀ nínú, ẹni tó bá ń fi wọ́n rọ́pò ẹ̀fọ́ ni ìgbẹ́ rẹ̀ yóò le. Ní ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ògógóró. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ eewọ̀ fún wa, ọtí a máa dẹ ilẹ̀kùn ikùn, a sì máa já oorun sí wẹ́wẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ kun èèyàn.

OORUN FÚNRA RẸ̀

Ọlọ́hun sọ nínú Súrà An-Naba pé òun fi oorun wa ṣe ìsinmi. Àgbàlagbà nílò tó wákàtí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò fẹ́ràn kí èèyàn sùn ṣáájú Ìṣáì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn ìtàkùrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, fóònù ti di ìtàkùrọ̀sọ wa. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú, ohun tí a sì ń wò nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Kí fóònù sun ibòmíràn. Ẹni tó bá ń lò ó fún ìpè Àsùbáà lè gbé e sí ibi tí ọwọ́ kò ti ní tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ kíyè sí obì. Ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ náà ló wà nínú obì, ó wà nínú tíì, ó sì pọ̀ nínú àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ àti awakọ̀ ń mu láti ní agbára. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obì tí a jẹ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹni tí kò bá róorun sùn, kí obì àti kọfí rẹ̀ parí kí Àìlà tó wọlé.

Oorun ọ̀sán dára, Sunnah ni. Kí ó má ju ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ó sì parí kí Alaásàrì tó wọlé, kó má bàa jẹ oorun alẹ́. Ẹ gbọn ẹní kí ẹ tó sùn, bí Ànábì ti kọ́ wa, ẹ so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ máa jí ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́. Àsùbáà ti bá wa ṣe èyí. Bí oorun alẹ́ àná kò bá tiẹ̀ dára, ẹ jí fún Àsùbáà, ẹ má padà sùn di aago mẹ́wàá. Oorun alẹ́ òní ni yóò san gbèsè náà.

OÒGÙN TÓ Ń DÁ KÚN ÌṢÒRO

Oògùn ara yíyún ni Piriton. Oorun tó ń mú wá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a kò fẹ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ń lò ó lálaalẹ́, ara á mọ̀ ọ́n lára, kò ní mú oorun wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu á máa gbẹ, ìgbẹ́ á máa le, àgbàlagbà lè má rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa, òòyì sì lè gbé e ṣubú nígbà tó bá dìde lóru. Ìyá oníṣu yẹn ń fi owó ara rẹ̀ ra ìgbẹ́ líle.

Valium àti Lexotan tún burú jù bẹ́ẹ̀ bí dókítà kò bá kọ wọ́n. Wọ́n a máa di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá sì fi wọ́n sílẹ̀ lójijì kò ní róorun sùn rárá. Ẹni tó ti ń lò wọ́n tipẹ́, kí ó má dá wọn dúró lójijì. Kí ó lọ bá dókítà tí yóò máa dín wọn kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, oògùn ara ríro tí ẹ ń lò bí ẹ bá ti oko dé, bí ibuprofen, diclofenac àti Feldene, lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, pàápàá bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ohun kejì tó sábà máa ń fa ọgbẹ́ inú tí a ń pè ní ulcer ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori. Nígbà kan, àárẹ̀ ọkàn àti ata ni àwọn dókítà gbà pé ó ń fà á. Dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, rí òtítọ́ náà ní 1982. Àwọn èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́, títí Marshall fi gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní 1984, tí ikùn rẹ̀ sì wú tó ń bì. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ẹni tó ní ulcer nílò àyẹ̀wò, nítorí oògùn wà tó lè pa kòkòrò náà. Oògùn funfun tí a ń mì láti pa iná àyà kò lè pa á.

Ẹ̀yin aboyún tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ń mú ìgbẹ́ yín le, ẹ má dá a dúró o. Ẹ fi omi àti ẹ̀fọ́ kún un, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì yín.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ A DÚRÓ

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè wà fún wàhálà kéékèèké ojoojúmọ́. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí nínú èébì, oúnjẹ tó ń há lọ́fun, ara tó ń rù láìnídìí, ìgbẹ́ tí ìṣe rẹ̀ yí padà lára ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àyà tó ń fúnni pa bí ìgbà tí nǹkan jókòó lé e, tí òógùn sì bo ara. Èyí ìkẹyìn lè jẹ́ ti ọkàn, ẹ má fi oògùn ikùn tàn án, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹni tó ń han oorun gan-an tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lójú oorun náà nílò dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nítòsí wa, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì fún èyí tó bá le. Ẹ má pe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìyá oníṣu náà padà wá lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀. Iyán rẹ̀ ti di ti ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e wá bá a lọ́jà. Ẹ̀kọ ló ń jẹ lálẹ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn, ojú òun ṣì ń là lóru, ó sì ṣe òun bíi kí òun padà sí Piriton. Ní báyìí, omi kíkan kò gòkè wá mọ́. Ó ṣì ń jí lẹ́ẹ̀kan lóru, ṣùgbọ́n ó ń padà sùn. Ó ní nígbà mìíràn òun a máa fi jíjí yẹn kí rakaa méjì.

Ẹ̀yin náà, ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó wá bá mi ra nǹkan kan. Ẹ jẹun alẹ́ láàárín Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ mu omi, kí obì parí ní àárọ̀, kí ẹ sì jí fún Àsùbáà. Ẹ bá wa níbi àga wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo. Ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, kí ó jẹ́ kí oúnjẹ wa ṣe wá lóore, kí ó sì fi oorun tó fara balẹ̀ jíǹkí wa. Àmín.